Àjànàkú Gbàgbé Àmì

Bí ẹ bá rí tíṣà náà lókèèrè, ẹ ó rò pé ilé alájà méjì ló ń rìn bọ̀. Bó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ilẹ̀ á ṣú mọ́ àwọn tó wà nínú, adìẹ tó wà níta á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó máa sùn sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ fi sọ ọ́ ní Àjànàkú. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí Ẹlẹ́dàá fún un lára, kò fún un nínú àyà. Àyà rẹ̀ kò tó ti òròmọdìẹ tó yọ jáde láàárọ̀ yìí. Bí ṣọ́ọ̀kì bá já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀, á fò sókè débi pé orí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ lu àjà. Kò sì sí ohun tó ń bà á lẹ́rù láyé yìí tó ọmọ ọdún méjìlá.

Ọmọ ọdún méjìlá kì í ṣe ọmọdé, kì í sì í ṣe àgbà. Bá ọmọdé wí, á sunkún. Bá àgbà wí, á bínú. Ṣùgbọ́n bó o bá bá ọmọ ọdún méjìlá wí, á wò ọ́ láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí, á yíjú sí ẹni tó jókòó tì í, àwọn méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín, o ò sì ní mọ ohun tí wọ́n rí lára rẹ títí wọ́n á fi gbé ọ sin. Ogójì irú wọn ló wà ní kíláàsì Àjànàkú.

Ní sáà tó kọjá, alábẹ̀wò ilé-ìwé wá wo bó ṣe ń kọ́ wọn. Lọ́jọ́ náà ohùn Àjànàkú sá wọ ikùn lọ, kò sì jáde títí aago fi lù. Àwọn ọmọ jókòó ní ìlà, ìlà, bí èrò inú ọkọ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn sùn, ọ̀kan nínú wọn sì ń hanrun débi pé àwọn ará kíláàsì kejì rò pé jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n tàn. Alábẹ̀wò ò bínú. Ó kàn rọra sọ pé òun á padà wá, àti pé lọ́jọ́ náà òun fẹ́ rí àwọn ọmọ kí wọ́n jókòó ní ẹgbẹ́, kí wọ́n jọ máa ṣiṣẹ́, kí wọ́n jọ máa rò ó. Bí òun ò bá rí bẹ́ẹ̀, kí Àjànàkú lọ wá iṣẹ́ mìíràn.

Iṣẹ́ mìíràn tí Àjànàkú mọ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: ríru búlọ́ọ̀kù níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé. Ó ti rù ú rí, kó tó rí ọ̀nà kọ́ iṣẹ́ tíṣà. Ọrùn tẹ́ ẹ rí tó kúrú yẹn, búlọ́ọ̀kù ló gún un wọ èjìká bí ìgbà tí èèyàn ń gún ìṣó wọ igi. Ìyá rẹ̀ sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò, tewúrẹ́ taja, pé ọmọ òun ti bọ́ lọ́wọ́ búlọ́ọ̀kù. Báwo ni yóò ṣe wá wò ó lójú?

Bó ṣe kó ìdérí ìgò ogójì jọ nìyẹn, tó ń tò wọ́n sórí tábìlì ìjẹun rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìdérí kan, ọmọ kan. Èyí tó tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni Rédíò, ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí láìní bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa á. Èyí tó dípẹtà ni Lọ́yà, ọmọkùnrin tó lè bá ògiri jiyàn kí ògiri tọrọ àforíjì. Bó bá fi Rédíò sí tòsí Lọ́yà, iná á sọ. Bó bá yà wọ́n, wọ́n á máa jágbe mọ́ra wọn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, etí àwọn tó wà láàárín á sì di. Níkẹyìn ó rí i tò: dẹ́sìkì mẹ́rin mẹ́rin, kí wọ́n kojú síra wọn ní méjì méjì, kí ẹnikẹ́ni má kẹ̀yìn sí pátákó, kí àlàfo tí èèyàn lè gbà kọjá wà láàárín. Àlàfo tí èèyàn bí i tirẹ̀ lè gbà kọjá, ìyẹn ni pé ọkọ̀ akẹ́rù lè gbabẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á máa kọ, ẹnì kan á máa sọ, ẹnì kan á máa béèrè, ẹnì kan á máa ṣọ́ aago. Ó sì fi Rédíò sí ẹ̀bá fèrèsé, ó fi Lọ́yà sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn.

Ẹ tún gbọ́ ọ̀kan sí i nípa rẹ̀. Èdè wa ló ń kọ́ wọn, kò sì sí ohun tó máa ń mú le tó àmì orí ọ̀rọ̀. Ó máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí ò bá wọ àmì, ìhòòhò ló wà, ẹni tó bá sì rán ọ̀rọ̀ jáde ní ìhòòhò, kó má bínú bí wọ́n bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọ̀nà. Ọmọ tó bá gbàgbé àmì kan ṣoṣo á tún gbogbo ojú ewé kọ. Ibẹ̀ nìkan ni ẹ̀rù kì í ti í bà á. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ó tètè dé ilé-ìwé láti to dẹ́sìkì kí àwọn ọmọ tó ti orí pápá wọlé. Ó ti gbé àkọ́kọ́ sókè, ó gbé e lé èjìká bí ẹni gbé ìrọ̀rí, ni fóònù rẹ̀ bá dún nínú àpò. Dẹ́sìkì fò lọ, òun náà fò lọ. Ọ̀gá ilé-ìwé wọn, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá Ọ̀gá, ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Obìnrin náà máa ń ṣahun lẹ́tà bí i pé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń fà á. Kì í fàmì sí nǹkan kan, kì í sì í kọ lẹ́tà méjì níbi tí ọ̀kan bá ti lè dúró. Ohun tó kọ ni: "Alabewo ti de. Ma bo."

Àjànàkú mọ̀ pé kí òun máa bọ̀ ni, torí ta ló máa ránṣẹ́ sí èèyàn pé àlejò rẹ dé, kó tún ní kó má bọ̀? Aago ti lù, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ bí òjò tó ń bọ̀ lórí páànù. Kò sáyè láti to nǹkan kan mọ́. Ó mú ṣọ́ọ̀kì. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó débi pé ó kán sí mẹ́ta, ó fi èyí tó kéré jù kọ ọ́ sára pátákó gàdàgbà gadagba: E JOKOO NI EGBE EGBE. Ó sá jáde.

Kò sí àmì kan lórí rẹ̀. Kò sí nísàlẹ̀ náà. Ìhòòhò goloto.

Ní ọ́fíìsì Màmá Ọ̀gá, alábẹ̀wò jókòó, ó ń mu omi. Ọkùnrin náà gbẹ bí igi ìfọyín, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ, ṣùgbọ́n Àjànàkú ì bá yàn láti bá kìnnìún mẹ́fà jókòó ju kó gbọ́ ohùn ẹ̀fọn yẹn. Alábẹ̀wò bi í báwo ló ṣe to àwọn ọmọ. Àjànàkú ròyìn ìdérí ìgò, kò pè é ní ìdérí ìgò ṣá. Ó ní mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n kojú síra wọn, kálukú ló níṣẹ́ tirẹ̀. Alábẹ̀wò ní ó dáa. Ó ní kí àwọn lọ wò ó. Ọkàn Àjànàkú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ ni orin bá ń ti òdìkejì ilé bọ̀. Orin, nínú kíláàsì, láàárọ̀.

Màmá Ọ̀gá wò ó. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń gbà lójoojúmọ́ gùn lọ́jọ́ náà ju ọ̀nà ibi tí òòrùn ń wọ̀ lọ. Òógùn tó dà lára Àjànàkú tó fọ aṣọ ilé kan. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ọn ni orin náà ń yé wọn sí i. Ohùn Rédíò ló ń lé e:

"Ta ló kọ ọ́ sí pátákó?"

Àwọn yòókù ń gbè é: "Kò fàmì sí i o."

Alábẹ̀wò ṣí ilẹ̀kùn.

Bí a bá rí erin ká sọ pé a rí erin. Kíláàsì ti pín sí mẹ́ta, bí ìlú tí ogun kọjá láàárín rẹ̀. Apá kan kóra jọ sójú kan, wọ́n fi dẹ́sìkì yí ara wọn ká. Àwọn yẹn ka ẹgbẹ́. Apá kejì ti gbé dẹ́sìkì tiwọn lọ lẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n tò lọ gbọọrọ yí ilé ká, wọ́n sì fi ẹ̀yìn ti ògiri bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yìnbọn fún. Lọ́yà ni olórí wọn, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n kà. Apá kẹta jókòó sórí dẹ́sìkì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, Rédíò wà níwájú wọn. Ègbè ni tiwọn. Ọmọ kan tó kéré jù nínú gbogbo wọn sì nà gbalaja sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó fi ìwé bojú, ó ń kérora. Nígbà tí Màmá Ọ̀gá bi í kí ló ṣe é, ó ní ègbé ni òun kà, mà, òun sì ti ṣègbé.

Orin dáwọ́ dúró. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Àjànàkú ń wo pátákó, ó ń wo bí gbólóhùn ṣe dúró níbẹ̀ níhòòhò, ó wá ń gbọ́ ìró búlọ́ọ̀kù lọ́ọ̀ọ́kán: gbì, gbì, gbì. Ọkàn òun fúnra rẹ̀ ló ń lù.

"Ta ló kọ èyí?" Alábẹ̀wò nìyẹn. Ẹ̀fọn kò lè ké jẹ́jẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́yà dìde lẹ́bàá ògiri. "Ìdánwò ni, sà. Tíṣà wa kì í gbàgbé àmì. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni, kí wọ́n lè mọ ẹni tórí ẹ̀ pé."

"Orí tìẹ ló pé," ni Rédíò wí, "tó o lọ lẹ̀ mọ́ ògiri bí aláǹgbá."

Gbogbo ojú yí sí Àjànàkú. Ọ̀nà àbáyọ rè é, ó ṣí sílẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Kó kàn mi orí ni, kó ní ìdánwò ni lóòótọ́. Ó mí èémí sínú láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti kún inú rẹ̀ débi pé irọ́ ò ráyè gbà kọjá. Ohun tó rọ́nà jáde ni èyí tó tinrín jù:

"Mo gbàgbé ni, sà. Ẹ̀rù yín ló bà mí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an tún dẹ́rù bà á. Rédíò rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí dẹ́sìkì. Ó ní, "Ẹ̀rù máa ń ba ẹ̀yin náà, sà?"

"Ẹ̀yin ogójì yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù," ni Àjànàkú dáhùn.

Wọ́n wo ara wọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé, kò tíì sí ẹni tó fi irú oyè bẹ́ẹ̀ dá wọn lọ́lá. Ẹni tó ṣègbé sílẹ̀ yọ ìwé kúrò lójú, ó dìde jókòó. Lọ́yà ní ó dáa, bó bá jẹ́ pé Tíṣà gbàgbé ni, ta ló wá kà á bó ṣe tọ́? Rédíò ní ta ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe àwọn. Ariwo fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àjànàkú, tí ò mọ ohun tó lè ṣe mọ́, na ṣọ́ọ̀kì tó kán sí mẹ́ta sí wọn bí ẹni na ẹran sí ajá tó ń gbó o. Ó ní kí apá kọ̀ọ̀kan fi àmì tirẹ̀ sí gbólóhùn náà, kí wọ́n wá sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn yòókù. Bí wọn ò bá lè sọ ìdí rẹ̀, kí wọ́n pa á rẹ́.

Ibi tí wọ́n fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀ lọ. Àwọn ará ògiri fẹ́ gbìmọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jìnnà síra wọn débi pé bí ẹni àkọ́kọ́ bá sọ "àmì ìsàlẹ̀," á ti di "ààtàn òkè" kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni ìkẹyìn. Àwọn olórin ò níbi tí wọ́n máa kọ̀wé lé. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ dẹ́sìkì lọ bá àwọn tí wọ́n fẹ́ bá jiyàn. Irin ẹsẹ̀ dẹ́sìkì ń han bí ẹlẹ́dẹ̀ ọgọ́rùn-ún. Wọ́n gbé alábẹ̀wò sọ sáàárín, ó bọ́ sórí àga ọmọ kan, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Nígbà tí eruku wálẹ̀, Àjànàkú nu ojú, ó wò yíká: dẹ́sìkì mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n kojú síra wọn, kò sẹ́ni tó kẹ̀yìn sí pátákó. Ìdérí ìgò ló wà nílẹ̀ yẹn. Ohun kan ṣoṣo tí kò sí lórí tábìlì ìjẹun rẹ̀ ni pé Rédíò àti Lọ́yà wà lójú kan náà, wọ́n kojú síra wọn bí àkùkọ méjì, ẹ̀rù ò sì jẹ́ kí Àjànàkú ní kí wọ́n dìde.

Lọ́yà ń sọ pé kò sẹ́ni tó lè jókòó ní ègbè, torí pé gbígbè là ń gbè é. Rédíò bi í ṣé ìdúró ni wọ́n ń gbè é nílé tiwọn ni? Ẹnì kan ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹnì kan ń wo aago. Wọ́n wá yí sí alábẹ̀wò, wọ́n ní kí ó dá ẹjọ́ náà. Alábẹ̀wò fún ètè rẹ̀ pọ̀, ó fa ara rẹ̀ yọ nínú àga náà bí ẹni yọ ẹ̀gún, ó jáde. Màmá Ọ̀gá tẹ̀lé e. Wọn ò dágbére.

Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Àjànàkú jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń ka èémí ara rẹ̀. Fóònù dún. Màmá Ọ̀gá ni: "Won ni ki o ma lo."

Ó kà á. Ó tún un kà. Kí o máa lọ ni, àbí kí o má lọ? Ó yí fóònù sí ẹ̀gbẹ́, ó dorí rẹ̀ kodò, bóyá àmì á já bọ́ sórí rẹ̀. Àmì kan ò já bọ́. Lẹ́tà kan ṣoṣo tí obìnrin yìí fi ṣahun ni gbogbo ayé rẹ̀ rọ̀ mọ́. Bó bá ṣe pé wọ́n lé e ni, yóò yé e. Bó bá ṣe pé wọ́n fẹ́ kó wà níbẹ̀ ni, yóò yé e. Ọrùn tó kúrú náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, bí i pé ẹnì kan ti gbé búlọ́ọ̀kù lé e. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó kó ìdérí ìgò tó gbé wá láti ilé láàárọ̀, tó fi pamọ́ síbẹ̀, sínú àpò ṣòkòtò, ó kó ìwé rẹ̀. Kò lè lọ béèrè. Bí ó bá béèrè, wọ́n á dá a lóhùn.

Nígbà tó dìde tán, ó rí i pé àwọn ọmọ ń wò ó. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ sí pátákó gẹ́lẹ́ bí ó ṣe wà: WON NI KI O MA LO. Ó ní kí wọ́n sọ ohun tó túmọ̀ sí fún òun. Kò sọ ẹni tó kọ ọ́, kò sì sọ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Wọ́n forí korí lórí dẹ́sìkì. Lọ́yà ló kọ́kọ́ gbórí sókè. Ó ní bó bá jẹ́ "má," a jẹ́ pé wọ́n fẹ́ ẹni náà. Bó bá jẹ́ "máa," wọ́n lé e nìyẹn. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìwé tó wà lábẹ́ apá Àjànàkú. Ó dákẹ́. Lọ́yà, tí kì í dákẹ́. "Ta ni wọ́n ń lé, sà?"

Rédíò ló dáhùn, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀ débi pé àwọn tó wà nítòsí fèrèsé nawọ́ sétí.

"Pátákó ò lè sọ ọ́ fún wa, sà. Ẹ lọ bi ẹni tó kọ ọ́. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹnu sọ ọ́."

Bó ṣe lọ nìyẹn. Ó ń fi ọwọ́ ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ogójì tẹ̀lé e lẹ́yìn, wọ́n ń yọ́ rìn bí ológbò, wọ́n sì ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì bí ẹni tó ń bẹ ilẹ̀kùn pé kó má ṣí. Ó ṣí. Màmá Ọ̀gá wo ìwé abẹ́ apá rẹ̀, ó wo orí àwọn ọmọ tó tò lẹ́yìn rẹ̀ títí dé igun ilé.

"Níbo lò ń kó ẹrù lọ?"

"Mà," ni Àjànàkú wí, ó na fóònù sí i, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ohun tẹ́ ẹ kọ yìí."

Obìnrin náà gba fóònù, ó wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó ka orúkọ ara rẹ̀. "Wọ́n ní kí o má lọ. Kí ló tún ń jẹ́ kí n kà á?"

"Má, mà?"

"Má. Ṣé etí rẹ di ni? Wọ́n ní kí o má lọ sí ibì kankan. Alábẹ̀wò ní òun ò rí irú rẹ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa kó tíṣà ogún wá láti àwọn ilé-ìwé yòókù, kí wọ́n wá wo bó o ṣe to kíláàsì rẹ tó fi dà bẹ́ẹ̀."

Ogún tíṣà. Ogún ojú lọ́nà méjì. Àjànàkú, tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀, tún gbọ̀n láti orí dé ìrù, ìwé bọ́ lábẹ́ apá rẹ̀, àpò ṣòkòtò rẹ̀ ya, ìdérí ìgò ogójì sì tú jáde, wọ́n ń yí gbirigbiri kiri inú ọ́fíìsì, ọ̀kan wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀kan lọ dúró lórí bàtà Màmá Ọ̀gá. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀, ó ń ṣà wọ́n.

"Kí nìyí?" ni Màmá Ọ̀gá béèrè, ó mú èyí tó tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúrò lórí bàtà rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ rọra mú un," ni Àjànàkú wí. "Rédíò ni."